Obìnrin Tó Ń Bá Ọmọ Mi Gbé Fóònù

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mi ò mọ̀ bóyá àárọ̀ ni lẹ́tà yìí máa bá ọ tàbí ọ̀sán, nítorí náà mo kí ọ kú àárọ̀, mo kí ọ kú ọ̀sán, mo sì kí ọ kú ìrọ̀lẹ́, mú èyí tó bá bá àkókò mu nínú wọn kí o fi ìyókù pamọ́. Ṣé àlàáfíà ni? Ọkọ rẹ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Àtẹ̀gùn gíga tí ẹ máa ń gùn kí ẹ tó dé ilé yín ńkọ́, ṣé kò tíì gba orúnkún yín? Kí Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ lójú ọ̀run máa ṣọ́ ọ láàárín ọkọ̀ ojú títì, kí o má rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, kí o rí ojú rere ọ̀gá rẹ, kí ẹni tó bá ní òun fẹ́ wá bá ọ jà ṣìnà lọ sí ilé ẹlòmíràn, kó sì má bá ẹnikẹ́ni nílé níbẹ̀ náà. Àmín. Bàbá rẹ náà ṣe àmín, wọ́n wà lórí àga wọn nídìí fèrèsé, wọ́n ń tún rédíò tí kò bàjẹ́ ṣe.

Ara wa le, a dúpẹ́. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì ń bá mi jà, tòsì náà ti ń fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ṣọ́ọ̀bù mi ṣì wà níbi tó wà, òrùlé ń jò sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, mo sọ fún bàbá rẹ, wọ́n ní kí n sún tábìlì. Mo sún un, òjò náà sún tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi àtijọ́ máa ń ké bí mo bá ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́, èmi náà máa ń ké bí mo bá ń dìde, mo sì ń ṣiṣẹ́, nítorí náà mi ò bá a wí.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ ni mo fẹ́ sọ, ó gùn, ó sì ti lọ́ mọ́ra nínú mi bí òwú tí ọmọ ológbò fi ṣeré, nítorí náà jókòó kí o tó máa kà á lọ. Kí n má bàa fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ títí oorun á fi gbé ọ lọ, ohun kan ṣoṣo tí mò ń wá ni kí n gbọ́ ohùn rẹ. Gbogbo ìyókù, àlàyé ni.

O rántí pé mo wá kí yín nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé tuntun yẹn. Ẹ lọ síbi iṣẹ́, ẹ fi èmi àti tẹlifíṣọ̀n tí kò gbọ́ràn sílé, mo tẹ̀ ẹ́ títí, eré bọ́ọ̀lù nìkan ló ń fi hàn mí. Mo bá yí ojú sí fèrèsé, mo rí kọ́tìnnì tí o fi ọwọ́ ara rẹ rán. Ọmọ mi, ìṣẹ́tí rẹ̀ ń lọ sókè ó ń bọ̀ sódò bí ẹni tí ọtí ń pa. Èmi aránṣọ, kí n ṣe bí ẹni tí kò rí i? Mo bọ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo tú u, mo tún un rán. Nígbà tí ẹ dé pẹ̀lú àwọn àlejò yín, mo ṣàlàyé fún wọn pé ọmọ mi gbọ́n nínú ìwé púpọ̀ ṣùgbọ́n láti kékeré ni ọwọ́ rẹ̀ kò ti gba abẹ́rẹ́. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ìwọ náà rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì o bá mi gbé àpò dé ibùdókọ̀, o ò bínú, o ò sọ nǹkan kan, ẹ̀rín náà ni o ń rín títí ọkọ̀ fi gbéra. Mo dé ilé, mo sọ fún bàbá rẹ pé ọmọ wa ti dàgbà, ó ti ní sùúrù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni o fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé o ti dárí jì mí. O ní pásítọ̀ yín ló kọ́ yín pé kí Kristẹni dárí ji èèyàn tó bá ṣòro, ṣùgbọ́n pé kò di dandan kó máa wà nítòsí rẹ̀, pé o kàn fẹ́ sinmi díẹ̀. Mo kà á sókè fún bàbá rẹ. A jọ ronú lórí ẹni tó ṣòro tí ò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Bàbá rẹ ní ó ní láti jẹ́ ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́. Èmi ní ìyá ọkọ rẹ ni, mo sì gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Ní ti ìdáríjì, mo rò pé bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nínú ìjọ yín nìyẹn, èmi náà fèsì pé mo ti dárí jì ọ́ o, kú iṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo pè ọ́. Fóònù náà kò tilẹ̀ tíì dún tí obìnrin kan ti gbé e. Ohùn rẹ̀ mọ́, ó dùn, Yorùbá rẹ̀ gún régé bíi ti ẹni tó ń ka ìkéde ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ẹni tí mò ń pè kò sí ní àrọ́wọ́tó, ó bẹ̀ mí pé kí n tún pè nígbà mìíràn, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, èmi tí mi ò tíì fún un ní nǹkan kan. Inú mi dùn dé ọrùn. Mo sọ fún bàbá rẹ pé ọmọ wa ní òun fẹ́ sinmi, ó sì ti gba ẹni tó ń bá a gbé fóònù, pé ọmọ wa ti di ẹni ńlá. Bàbá rẹ ní kí n bi í bóyá ó ti lọ́kọ, nítorí ọmọ àbúrò wọn. Mo pè padà. Mi ò tíì bi í tán tó ti ní ẹni tí mò ń pè kò sí. Mo ní mo ti gbọ́ ìyẹn, ìwọ gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rán an níṣẹ́ sí ọ. Mo sọ ọ̀rọ̀ orúnkún mi fún un. Mo sọ pé òrùlé ń jò, mo ní kó rọra sọ ọ́ fún ọ kí o má bàa rò pé owó ni mò ń tọrọ. Mo bi í bóyá ó ń jẹun sí àkókò, nítorí bí mo bá pè láàárọ̀, òun ni, bí mo bá pè lọ́sàn-án, òun ni, ọjọ́ Àìkú tí gbogbo ayé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ni, ó wá ń ṣe mí bíi pé o kò fún ọmọ ọlọ́mọ nísinmi. Nígbà tó yá, sùúrù mi tán. Mo bú u. Mo ní kò mọ iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí. Mo ní gbogbo iṣẹ́ tí mo rán an, kò jẹ́ ọ̀kan. Mo ní ta ló kọ́ ọ nílé, tí àgbàlagbà á máa ro ẹjọ́ tí ìwọ á máa ka àkọ́sórí. Ọmọ mi, obìnrin yìí kò gbé ohùn sókè. Ohùn kan náà ló fi bẹ̀ mí pé kí n tún pè nígbà mìíràn, ó sì dúpẹ́. Ojú tì mí. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ní Kristẹni nìyí. Pẹ̀lú gbogbo bí mo ṣe bú u tó, kò jẹ́ kí wọ́n yọ kọ́bọ̀ nínú fóònù mi.

Kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe mí lóore. Báńkì rántí ọjọ́ ìbí mi. Ẹ̀yin ọmọ gbàgbé, mi ò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n báńkì kọ̀wé sórí fóònù mi ní kùtùkùtù, wọ́n pe orúkọ mi láì ṣì í, wọ́n ní inú gbogbo àwọn dùn pé mo wà láyé. Mo wọ aṣọ ìsìn mi, mo kó ọsàn sínú apẹ̀rẹ̀, mo lọ dúpẹ́. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yẹ ọsàn náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì bi mí bóyá mo fẹ́ fi owó pamọ́ ni tàbí mo fẹ́ gbà á, mo ní rárá, ọpẹ́ ni mo mú wá. Ó wo ẹnì kejì rẹ̀, ẹnì kejì rẹ̀ lọ pe ọ̀gá, ọ̀gá jáde wá bi mí pé ta ni mò ń wá, mo ní ẹni tó kọ̀wé sí mi. Kò sẹ́ni tó gbà pé òun ni. Mo rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Mo gbé ọsàn kalẹ̀, mo súre fún wọn títí dé ìdí ẹ̀rọ tó ń pọ owó, àwọn tó tò síbẹ̀ ń bá mi ṣe àmín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dàrú nìyí. Pásítọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lórí bó ṣe yẹ kí Kristẹni ṣe sí èèyàn tó ṣòro. Wọ́n ní bí ẹnì kan bá sọ òkò ọ̀rọ̀ lù wá, kí a má sọ ọ́ padà. Wọ́n ní àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Wọ́n ní kí kálukú yan ẹnì kan tó ṣòro, kó fi ohùn jẹ́jẹ́ bá a lò láàárín ọ̀sẹ̀, ká sì wá jẹ́rìí. Gbogbo ìjọ yí ojú sí ibi tí àwọn akọrin jókòó sí, àwọn akọrin yí ojú sí olórí wọn, olórí wọn ń wo òrùlé. Pásítọ̀ bi wá pé ta ló ti rí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Kíá ni mo dìde. Mo jẹ́rìí nípa obìnrin tó ń bá ọ gbé fóònù, bí mo ṣe bú u àti bó ṣe dúpẹ́, mo tilẹ̀ fi ohùn rẹ̀ sọ ọ́ kí wọ́n lè gbọ́ bó ṣe dùn tó. Ìjọ hó yè. Àwọn ọ̀dọ́ ń gbá ara wọn lẹ́yìn, ẹnì kan bọ́ sílẹ̀ lórí àga. Pásítọ̀ fi aṣọ ìnujú bo ẹnu, èjìká wọn ń gbọ̀n, mo ní ẹ̀mí ti bà lé wọn. Olórí akọrin nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Olórí akọrin yìí ni gbogbo wa ń pè ní Màmá Gbóhùnsókè, nítorí ohun tó máa ń pariwo mọ́ àwọn akọrin nìyẹn, ó sì ti sọ ọ́ fún ẹni tó ń dá gbàdúrà ní ìkọ̀kọ̀ rí. Opó ni, ẹgbẹ́ mi ni. Èmi ni mò ń rán aṣọ akọrin tuntun, aláwọ̀ búlúù, kò sì sí bí mo ṣe rán an tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ojoojúmọ́ ni a sì ń bú ara wa lórí rẹ̀. Ó ní apá gùn, mo gé e. Ó ní apá kúrú, mo fi aṣọ kún un. Ó ní ọrùn há, ohùn ò ní ráyè jáde, mo ṣí i. Ó ní ọrùn ti ṣí jù, ohùn á gba ibi tí kò yẹ jáde. Lọ́jọ́ kan ó mú àlùmọ́gàjí lórí tábìlì mi lójú àwọn oníbàárà, ó tú ìṣẹ́tí tí mo fi gbogbo ọ̀sán rán, ó ní òun ń ràn mí lọ́wọ́ ni, ó sì ń ṣàlàyé fún wọn pé ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ mò ń bi ara mi pé ta ló bẹ̀ ẹ́.

Òun ni mo yàn. Ó dé lọ́jọ́ Ajé, ó ju aṣọ sórí ẹ̀rọ mi, ó ní àwọn bọ́tìnnì náà kò bára wọn tan. Mo tún gèlè mi wé, mo mú ohùn obìnrin fóònù, mo sọ fún un pé ẹni tó ń wá kò sí ní àrọ́wọ́tó báyìí, kó jọ̀wọ́ tún wá nígbà mìíràn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí. Ó wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Ó bi mí bóyá orí mi pé. Mo ní ẹni tó ń wá kò sí ní àrọ́wọ́tó. Ó pariwo, àwọn èèyàn yọjú láti òdìkejì ọ̀nà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bínú lọ. Ó padà dé lọ́jọ́ kejì, mo tún fún un ní tirẹ̀. Ọmọ mi, kí n má purọ́ fún ọ, ó dùn mọ́ mi. Ara mi tutù, mi ò bínú, mi ò tilẹ̀ gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́, mò ń gé aṣọ mi lọ. Mo ní bí ìwà Kristẹni bá rọrùn tó báyìí, kí ló dé tí a ti ń jìyà láti ọjọ́ yìí wá.

Nígbà tó tún wá, kò mú aṣọ kankan lọ́wọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ọ̀rọ̀ kan wà tí òun fẹ́ bá mi sọ. Mi ò gbójú sókè, mo ní ẹni tó ń wá kò sí ní àrọ́wọ́tó. Ó dákẹ́. Màmá Gbóhùnsókè dákẹ́! Ìdákẹ́ náà ló jẹ́ kí n wò ó, omijé ni mo rí. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó mú àjákù aṣọ búlúù nílẹ̀, ó fi ń nu ojú. Ó ní kí n bú òun. Ó ní kí n jọ̀wọ́ bú òun bí mo ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, torí láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, èmi nìkan ló kù tó ń bá òun jà, àwọn yòókù kàn ń rẹ́rìn-ín sí òun ni, wọ́n á sì gba ọ̀nà mìíràn lọ. Ó ní púpọ̀ nínú ìṣẹ́tí yẹn kò ní àbùkù, pé òun ń wá ohun tí òun á fi máa yà síbi tí èèyàn wà ni. Ó tún ní apá kan lára wọn wọ́ lóòótọ́ o. Mo gbójú fo ìyẹn.

Ohun tó sọ lẹ́yìn náà ló da orí mi rú. Ó ní obìnrin tí mò ń ṣe bíi rẹ̀ yẹn, òun mọ̀ ọ́n dáadáa, òun náà ló ń gbé fóònù ọmọ òun ọkùnrin. Mo ní ṣé ibi iṣẹ́ méjì ló ń lọ ni? Ó ní kì í ṣe èèyàn. Ó ní ohùn lásán ni, wọ́n ti gbà á sínú ẹ̀rọ tipẹ́, pé bí ọmọ bá ti ilẹ̀kùn fóònù rẹ̀ mọ́ nọ́ńbà ìyá rẹ̀, ohùn yẹn ni ìyá máa ń bá lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní irọ́ ni. Mo ní tèmi máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní ti òun náà máa ń dúpẹ́.

Mo lọ bá Pásítọ̀, wọ́n ń kó àga ìjọ jọ. Mo ní ṣebí ohùn jẹ́jẹ́ ni ẹ ní ká lò. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní mo lò ó, ó sì pa obìnrin náà lẹ́kún. Wọ́n bi mí bóyá mo gbọ́ ohun tó wá sọ kí n tó dá a lóhùn. Mo ní ẹ ò sọ ìyẹn nínú ìwàásù. Wọ́n họ orí. Wọ́n ní èèyàn lè fi ohùn jẹ́jẹ́ lé ọmọnìkejì rẹ̀ jáde, pé kí a gbọ́ ọ ló ṣáájú. Mo wá bi wọ́n pé bí Kristẹni bá ti dárí ji ẹni tó ṣòro, ṣé ó tún lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Wọ́n ní nígbà mìíràn, bí onítọ̀hún bá ń ṣe é léṣe, ó lè yẹra díẹ̀ kí egbò jinná. Mo ní ta ló wá máa sọ fún ẹni tó wà níta pé egbò ti jinná? Wọ́n gbé àga kan lé orí òmíràn. Mo ní báwo ni ẹni tó ṣòro ṣe máa ń mọ̀ pé òun ni? Wọ́n wò mí pẹ́, wọ́n wá ya àga kan sọ́tọ̀, wọ́n ní kí n jókòó. Mo ní kò rẹ̀ mí, mò ń béèrè ni. Ìdàrúdàpọ̀ kékeré ni mo gbé lọ síbẹ̀, ńlá ni mo gbé bọ̀.

Màmá Gbóhùnsókè ló ní kí a dán an wò. Ó gbé fóònù tirẹ̀ lé mi lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ní o kò mọ nọ́ńbà òun, bí obìnrin yẹn bá gbé e, òun á gbà pé èèyàn ni. Mo tẹ nọ́ńbà rẹ. Ó dún. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ kí fóònù rẹ dún kẹ́yìn. Ìwọ lo gbé e. O ní hẹ́lò, o ní ta ni, mò ń gbọ́ bí àwo ṣe ń kan ara wọn bíi pé ò ń fọ abọ́, o tún ní hẹ́lò, lẹ́yìn náà o wúkọ́. Kì í ṣe ikọ́ àná, ikọ́ tó ti gbé àyà ṣe ilé ni. Gbogbo ohun tí ìyá ń sọ nípa ikọ́ kún ẹnu mi pátápátá, ọ̀rọ̀ omi tútù, ọ̀rọ̀ fèrèsé, ọ̀rọ̀ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àti pé ṣebí mo sọ fún ọ. Mo wá rò ó pé bóyá bí èèyàn tó ṣòro ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, o sì lè ti ilẹ̀kùn mọ́ fóònù opó yìí náà, tí kò ṣẹ̀ ọ́. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. O ní ó dáa o, o pa á. Màmá Gbóhùnsókè kò sọ pé ṣebí òun ti wí. Ó bá mi fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́, torí mi ò ríran dáadáa nígbà náà.

Ọmọ mi, ó dùn mí. Mo sọ fún bàbá rẹ pé ó dà bíi pé èmi gan-an ni èèyàn tó ṣòro yẹn, mo sọ ọ́ kí wọ́n lè ní rárá, wọ́n ń yí rédíò wọn. Ní ti kọ́tìnnì, ìṣẹ́tí rẹ̀ wọ́, mi ò lè purọ́, Kristẹni ni mí. Ṣùgbọ́n ìwọ lo rán an, ilé rẹ ló wà, ẹnì kankan ò bẹ̀ mí, mo sì fi ọ́ ṣẹ̀rín lójú àlejò. Jọ̀ọ́, má bínú. Ohun tí kò yé mi títí di báyìí ni ẹ̀rín tí o rín. Ká ní o pariwo mọ́ mi lọ́jọ́ náà ni, èmi náà ì bá pariwo, à bá jà dáadáa, à bá sì jókòó mu tíì. Mi ò sọ pé pásítọ̀ yín purọ́. Bí egbò bá wà, jẹ́ kó jinná. Èmi kàn ń béèrè bóyá ó láàyè kí ẹni tó wà níta máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn nínú ilé.

Aránṣọ ẹlẹgbẹ́ mi tó ń bọ̀ wá ra òwú nílùú yín ni mo fi lẹ́tà yìí rán, kò sí ohùn kankan tó lè dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Màmá Gbóhùnsókè á tún yá mi ní fóònù, á jẹ́ kí n pè ọ́. Bí o bá gbé e tí inú ń bí ọ, bínú sí mi, gbé ohùn sókè bó ṣe wù ọ́, mo ti jókòó sípò tí mo fi máa gbọ́ ọ. Bí o ò bá sì tíì fẹ́ gbé e, jẹ́ kó dún títí kó fi dákẹ́ fúnra rẹ̀, màá ṣáà mọ̀ pé ó dún létí rẹ. Obìnrin yẹn nìkan ni kí o má jẹ́ kó bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi tó.

Bí ó bá ṣeé ṣe, fi owó díẹ̀ rán ẹni tó mú lẹ́tà wá, nítorí òwú búlúù ti tán, òrùlé ò sì tíì rí ẹni tún un ṣe. Bí kò bá sí, má yá a, má sì jẹ́ kó dà ọ́ láàmú, màá tún tábìlì sún. Kí ọkọ rẹ. Kí ìyá ọkọ rẹ náà, kí o bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní mọ ohun tó ṣẹ̀, má ṣàlàyé.

Kí Ọlọ́run tó mọ ohun tí ẹnu ìyá kò mọ̀ ọ́n sọ bá mi sọ ọ́ fún ọ. Kí ilé rẹ tòrò. Kí o bí ọmọ tó máa gbé fóònù rẹ. Kí ọjọ́ tí inú bá bí ọ má ṣe jẹ́ ọjọ́ tí o máa dá wà. Kí àyà rẹ le. Ní ti ikọ́ yẹn, mi ò sọ nǹkan kan.

Èmi ni,
ìyá rẹ.